Ògiri Ọkọ Ìyá Ìwọ̀n

Obìnrin kan wà tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀nà àti gọ́tà ìlú. Ẹnjinníà ni, ó sì mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Téèpù ìwọ̀n kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Bó bá lọ kí ìyá ọmọ tuntun, kó tó béèrè bóyá akọ ni tàbí abo, á ti fojú wọn férémù ilẹ̀kùn, á sì ní ó fi díẹ̀ tẹ̀ sápá òsì. Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Ìyá Ìwọ̀n.

Ọkọ rẹ̀ náà kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn. Kọ́lékọ́lé ni, ó ní bíríkìlà mẹ́rìnlá lábẹ́ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí níta ni Kọ́lémáwó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ yìí. Ó kọ ọ́ sára ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ síwájú fìlà rẹ̀, bí kì í bá sì ṣe pé ìyàwó rẹ̀ fárígá, ì bá kọ ọ́ sórí ilẹ̀kùn yàrá wọn.

Ìyá Ìwọ̀n ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì lọ́jọ́ tó sọ fún ará ilé pé òun ń padà sí yunifásítì lọ gba oyè kejì. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń jókòó ti ìwé títí irun á fi funfun. Ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe ni. Ọ̀sán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n á máa wá sí kíláàsì, àwọn ọjọ́ tó kù, kálukú á wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kí wọ́n parí, dípò kí wọ́n kọ ìwé gbàǹgbà tí ẹnikẹ́ni ò ní kà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á mú ohun gidi kan tó ń ṣàìsàn láàárín ìlú, ì báà jẹ́ afárá, ọ̀nà tàbí ilé, á wádìí ohun tó ń ṣe é, á sì sọ oògùn rẹ̀ níwájú àwọn tó mọ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá èyí tó kọ́ tẹ́lẹ̀ ti tán ni. Kọ́lémáwó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò lòdì sí i o, òun kàn fẹ́ mọ ohun tó kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ obìnrin tó ń wọn ilé ọlọ́mọ tuntun. Àtọjọ́ náà ló ti pa orúkọ ìyàwó rẹ̀ dà sí Akẹ́kọ̀ọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, kó tó kí i, á kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó tún ra àpò ìwé pupa kan fún un, irú èyí tí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó ní àwòrán ehoro lára. Ìyá Ìwọ̀n gbé e lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ kìíní, kójú lè ti ọkọ rẹ̀. Ojú ò ti ọkọ. Fọ́tò ló ń yà.

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló forí fá a jù. Tábìlì kan náà ni òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń lò láti kàwé nírọ̀lẹ́. Ìyá á yá rúlà, kò ní dá a padà. Ìyá á ní kó wá fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà han òun, ọmọ á fi hàn án, tó bá sì ti jókòó báyìí, ìyá á tún pè é. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé báyìí ló máa ń rí lára àwọn olùkọ́.

Ní kíláàsì, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn lè gbé afárá dúró lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ojú dídì. Àmọ́ nígbà tí olùkọ́ kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń po kọnkéré, tó ní kí wọ́n sọ bóyá wọ́n pò ó dáadáa, ńṣe ni wọ́n ń wojú ara wọn bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n á tẹ̀. Ìyá Ìwọ̀n ò tiẹ̀ bojú wò ó. Ó gbọ́ bí ṣọ́bìrì ṣe ń dún nínú rẹ̀, ó ní omi ti pọ̀ jù. Gbogbo wọn yà á sọ́tọ̀ lẹ́ni àgbà lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ sì yá gágá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò bí yẹ̀pẹ̀ àti omi ṣe ń ti ògiri. Ibẹ̀ ló ti rí i pé láti ọdún mọ́kàndínlógún, àfojúdíwọ̀n lòun fi ń ṣe apá yẹn nínú iṣẹ́ òun, àti pé orí ló ń bá òun ṣe é. Kò sọ èyí fún ẹnì kankan nílé.

Olùkọ́ wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n, jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó ti fi ọdún méjìlélógún ṣe afárá kó tó di ẹni tó ń kọ́ni. Bàtà òjò ló máa ń wọ̀ wá sí kíláàsì ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní òjò kì í kọ lẹ́tà ṣáájú. Nígbà tó tó àkókò láti pín àwọn ohun tó ń ṣàìsàn láàárín ìlú, ó kọ orúkọ wọn sí bébà pélébé, ó ká wọn, ó dà wọ́n sínú àṣíborí líle tó máa ń dé lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí kálukú mú ọ̀kan.

Ìyá Ìwọ̀n mú tirẹ̀, ó tú u. Ògiri ẹ̀yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ orí òkè ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ó mọ ògiri náà bó ṣe mọ híhanrun ọkọ rẹ̀. Kọ́lémáwó ló mọ ọ́n ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, kó lè dá yẹ̀pẹ̀ òkè dúró kó má ya wọ inú kíláàsì àwọn ọmọ. Iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di èèyàn láàárín àwọn kọ́lékọ́lé, lórí iṣẹ́ yẹn náà ló sì ti fún ara rẹ̀ lórúkọ. Fọ́tò ògiri náà wà ní pálọ̀ wọn, ó tóbi ju fọ́tò ìgbéyàwó wọn lọ. Bí wọ́n bá sì ń gba ibẹ̀ kọjá, Kọ́lémáwó á dẹwọ́ eré ọkọ̀ díẹ̀ kó lè wò ó.

Nígbà tí kíláàsì tú, ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè ìdí. Ó ní ọkọ òun ló mọ ògiri náà. 

"Ẹ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé ọkọ yín ló mọ ọ́n," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "kó má pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi á ní kí ẹlòmíì bá wa tún ìwọ̀n yín wò. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí. Ìlú kékeré ni ìlú iṣẹ́ wa yìí. Ta lẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́ tí kò ní jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀?"

Ó lọ wo ògiri náà láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Ògiri gíga tó èèyàn méjì lórí ara wọn ni, gígùn rẹ̀ tó ogójì ìṣísẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó sọ okùn tó ní irin wúwo nídìí kalẹ̀ látòkè. Lókè, okùn fara kan ògiri, àmọ́ láàárín, ikùn ògiri ti tì í síwájú, débi pé nísàlẹ̀, àlàfo ìka mẹ́rin wà láàárín okùn àti ògiri. Ògiri ti lóyún. Ó gun òkè ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ilẹ̀ ń rì lábẹ́ bàtà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn ihò tí omi ẹ̀yìn ògiri gbọ́dọ̀ máa gbà jáde. Nínú ìwé àwòrán tí wọ́n fi mọ ògiri náà, wọ́n wà níbẹ̀. Lára ògiri, kò rí ẹyọ kan. Ó rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì ni inú rẹ̀ bàjẹ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò ní kíláàsì mẹ́ta tó sún mọ́ ọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi bi ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ní ìbéèrè, ẹni náà á sì fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan ni fọ́ọ̀mù náà fi wà nínú àpò eléhoro kó tó mú un jáde lórí tábìlì ìjẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí Kọ́lémáwó gbọ́ pé ògiri òun ni, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó ní òun mọ̀ pé lọ́jọ́ kan àwọn yunifásítì á fi iṣẹ́ òun kọ́ àwọn ọmọ.

"Àwọn tó ń ṣàìsàn ni wọ́n yàn," ni Ìyá Ìwọ̀n fèsì.

 Ọkùnrin náà dìde, ó lọ dé fìlà rẹ̀, ó padà wá jókòó bí ẹni tó wá sí kóòtù, ó ní kí ọmọbìnrin wọn wá ṣe akọ̀wé. Ó ní bó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì ni, kí wọ́n ṣe é ní ti ọ́fíìsì.

"Kí ni iṣẹ́ yín, sà?" ni Ìyá Ìwọ̀n béèrè, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Kọ́lékọ́lé."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń bi yín ní ìbéèrè yìí rí?"

"Mo máa ń rí i nílé nígbà mìíràn, tí kò bá níṣẹ́ àṣetiléwá."

Ọmọ wọn kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n ṣe é báyìí títí wọ́n fi dé ìbéèrè kẹsàn-án.

"Ihò omi mélòó lẹ fi sára ògiri náà?"

"Mẹ́rìnlélógún."

"Mi ò rí ẹyọ kan, Bàbá wọn."

Kọ́lémáwó ṣí fìlà rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀, ó dìde, kò sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ méjì ni kò fi pè é ní Akẹ́kọ̀ọ́, kò sì pè é ní nǹkan mìíràn. Tó bá dùbúlẹ̀, á kọjú sí ògiri. Ìyá Ìwọ̀n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ògiri ló kóbá àwọn, ẹ wá wo ibi tí ọkùnrin yìí tún kọjú sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, tó bọ́ sí Sátidé, fèrè ọkọ̀ ló jí i. Ọkọ rẹ̀ ti wà níta, òòlù àti irin ṣóńṣó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìyá Ìwọ̀n wọ inú ọkọ̀, wọ́n forí lé ilé-ìwé orí òkè.

Bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó sì tẹ̀ lé wọn kó lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Kọ́lémáwó fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti igun ògiri, ó dúró, ó fi ìdí òòlù kan ògiri. Ó dún gbágbá. Ó sún díẹ̀, ó tún kàn án. Èyí dún bí ìgbà téèyàn kan àgbá. Ó gbé irin lé e, ó gbẹ́ ọ̀dà kúrò, ó gbẹ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹnu páìpù yọ síta, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dí i pa.

"Àwọn ihò yẹn?" ni bàbá náà wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Èmi ni mo dí wọn."

Ó sọ ọ́ fún wọn bí ẹni tó ń retí oríyìn. Ó ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni, nígbà tí wọ́n fẹ́ kun ògiri ní ọ̀dà tuntun. Omi ẹlẹ́rẹ̀ ló máa ń ti inú wọn ṣàn ba ọ̀dà jẹ́, àwọn aláǹgbá sì máa ń yọjú látinú wọn, tí àwọn ọmọ á fi ìwé sílẹ̀, tí wọ́n á máa lé aláǹgbá. Ọjọ́ tí òun dí èyí tó kẹ́yìn, ọ̀gá ilé-ìwé àná pe òun síwájú gbogbo ọmọ, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun.

Kọ́lémáwó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mi èjìká díẹ̀díẹ̀, ijó fẹ́ẹ́ bọ́ sí i lára. Ìyá Ìwọ̀n jẹ́ kó mì í tó. Ó wá ní kó gbẹ́ sìmẹ́ǹtì ẹnu páìpù náà kúrò pátápátá.

Kọ́lémáwó gbẹ́ ẹ. Wọ́n sún sẹ́yìn kí omi má baà ta sí wọn. Omi ò ta. Ẹrẹ̀ díẹ̀ ló yọ́ jáde bí ikun ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ìyá Ìwọ̀n ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ọ̀pá náà gún amọ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Òkúta wẹ́wẹ́ tó yẹ kó wà lẹ́yìn páìpù dà?" ló béèrè. "Nínú ìwé àwòrán, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan láti ìsàlẹ̀ dókè. Òun ló yẹ kó máa sẹ́ omi kí amọ̀ má wọ ihò."

Èjìká tó ń mì dúró. Kọ́lémáwó họ ọrùn. Ó ní òjò ń bọ̀ lọ́dún náà, àwọn ọmọ sì fẹ́ wọlé, ọkọ̀ tó fẹ́ kó òkúta wá bàjẹ́ sọ́nà, òun wá ní kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n hú níbẹ̀ padà sẹ́yìn ògiri. Ó ní òun rò pé ihò nìkan á tó. Lẹ́yìn náà, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ ọdún mélòó lòun nígbà náà.

"Mẹ́rìndínlógójì."

"Ṣé o rí i? Ọmọdé ni mí."

Ìyá Ìwọ̀n fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó ń wo àwọn kíláàsì mẹ́ta tí wọ́n ti tì pa. Ìyàwó rẹ̀ lọ jókòó tì í. Bẹ́ǹṣì náà ké.

Ó sọ fún un pé òun náà ò sàn jù ú lọ. Ọdún méjìlá lòun fi ń gba iwájú ògiri yìí kọjá pẹ̀lú téèpù nínú báàgì. Òun tí òun ń wọn ilẹ̀kùn ilé onílé, òun ò ka ihò ara rẹ̀ rí, torí pé ti ọkọ òun ni. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ̀ ọ́," ló fi kún un. "Ògiri tiyín yìí, àìlanu ló fẹ́ pa á."

Kọ́lémáwó rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní kó mú fọ́ọ̀mù náà wá. Lábẹ́ ìbéèrè kẹsàn-án, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ sí i láìyọ nǹkan kan kúrò, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ tí Ìyá Ìwọ̀n fẹ́ sọ ohun tó rí fún àwọn olùdánwò, ọkọ rẹ̀ wọ ẹ̀wù kóòtù, ó lọ jókòó sí ìlà iwájú, ọmọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn olùdánwò mẹ́ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá Ìwọ̀n kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ọkọ òun ló mọ ògiri náà. Ó wá ṣàlàyé bí omi ṣe kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, àwọn ihò tí wọ́n dí, òkúta tí kò sí níbẹ̀, àti bí agbára omi náà ṣe pọ̀ tó, èyí tó ṣírò láìfi àfojúdíwọ̀n kún un. Ó sọ oògùn rẹ̀ náà: kí wọ́n fi òpó gbé ikùn ògiri ró, kí wọ́n máa hú ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní apá mẹ́rin, kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí wọ́n sì la gọ́tà sórí òkè kí omi òjò má tiẹ̀ débẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò, obìnrin olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, béèrè bóyá ẹni tó mọ ògiri náà ò mọ iṣẹ́ ni, àbí kò bìkítà. 

"Ó mọ iṣẹ́," ni Ìyá Ìwọ̀n dáhùn. "Ó kánjú ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Láti ọdún méjìlá tó ti mọ ọ́n, ilé kan náà la jọ ń gbé, èmi ni mi ò béèrè."

Obìnrin náà mi orí, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n rí i tí Kọ́lémáwó na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó sọ ọ́.

Ó dìde, ó tún ẹ̀wù kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, àtúnṣe kékeré kan ni. Òun sọ fún Akẹ́kọ̀ọ́ pé ihò mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òun àti bàbá tó ń tọ́jú ọgbà lọ gbẹ́ gbogbo wọn láná. Mẹ́tàlélógún ni.

Ẹ̀rín bú gbàù. Ọmọ wọn fi ọwọ́ bojú.  Obìnrin olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ìwọ̀n, ó ń rọra rẹ́rìn-ín, pé ṣé kò ka àwọn ihò náà fúnra rẹ̀. Ó ní mẹ́fà lòun gbẹ́ wò, wọ́n bá ibi tí ìwé àwòrán fi wọ́n sí mu, òun sì gba èyí tó kù gbọ́ lẹ́nu kọ́lékọ́lé. Wọ́n yọ máàkì méjì lórí rẹ̀. Ó gba oyè náà pẹ̀lú èsì tó dára, àmọ́ títí dòní, máàkì méjì yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ tí wọ́n bá kí i kú oríire.

Ọ́fíìsì rẹ̀ gbà pé kí wọ́n tún ògiri náà ṣe. Kọ́lémáwó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún iṣẹ́ òun ṣe, wọ́n gbà fún un, lórí àdéhùn pé Ìyá Ìwọ̀n àti ẹnjinníà mìíràn kan ló máa bójú tó o, láìsí iṣẹ́ kan tí wọ́n á bò kí àwọn méjèèjì tó wò ó. Wọ́n parí apá kìíní ṣáájú òjò. Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ ń wo omi láti ojú fèrèsé bó ṣe ń ti ihò jáde, ó kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ó mọ́. Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹ ihò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá àwọn aláǹgbá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má bínú. Ìyá Ìwọ̀n sọ okùn rẹ̀ kalẹ̀. Ògiri ò sún síwájú mọ́, kódà bí fífẹ̀ òwú ìránṣọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ apá kejì, ọkọ̀ kó òkúta wẹ́wẹ́ dé. Ìyá Ìwọ̀n bù ú lọ́wọ́, ó fọ̀ ọ́ nínú garawa, omi inú garawa dà bí ẹrẹ̀. Ó ní erùpẹ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n kó o padà. Awakọ̀ náà, tó ti ń bá Kọ́lémáwó kó òkúta láti ọjọ́ pípẹ́, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó fa Kọ́lémáwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé ta ni obìnrin tó ń fọ òkúta bí ẹ̀wà yìí, ṣé àwọn ò lè rọra dà á sílẹ̀ tó bá yíjú síbòmíràn.

"Ọ̀gá mi ni," ni Kọ́lémáwó wí. "Wà á padà, jọ̀ọ́. Má bá a jiyàn, á tún lọ wọn táyà rẹ."